Kí Ni Ó Yẹ Kí Ọmọdé Lè Kọ? Àríwísí Lórí Ẹ̀kọ́ Ìkọ̀wé ní Ọdún Mẹ́ta Àkọ́kọ́ ní Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Àwọn tí ń ṣe àríwísí lítíréṣọ̀ Yorùbá a máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn láti orí ìwé tí àgbàlagbà kọ. Wọn a wo ìtàn àròsọ, wọn a wo ewì, wọn a wo eré orí ìtàgé. Wọn a sọ ibi tí ọ̀rọ̀ gún, wọn a sì sọ ibi tí ó wọ́. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n igi kì í ti òkè hù wá sílẹ̀. Ẹni tí yóò kọ ìwé tí aráyé yóò kà lọ́la ni ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó di pẹ́ńsùlù mú lónìí bí ẹni di ẹyẹ mú, tí kò mọ̀ bóyá kí òun fún un mọ́wọ́ tàbí kí òun dẹwọ́ fún un. Ohun tí ilé-ìwé bá retí lọ́wọ́ ọmọ náà ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ni yóò sọ irú òǹkọ̀wé tí yóò dà, tàbí bóyá yóò tilẹ̀ di òǹkọ̀wé rárá. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí àríwísí dé kíláàsì kìíní, kí ó sì bèèrè ohun kan ṣoṣo níbẹ̀: kí ni ó yẹ kí ọmọdé lè kọ?

Ìsàlẹ̀ Òsì ní Ìbàdàn yẹ ní ibi tí a lè fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìwé kíkọ kì í ṣe àjèjì ní Ìbàdàn àtijọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó gbà wọ inú àwọn agbo ilé Ìsàlẹ̀ Òsì, Ọjà'ba, Màpó, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrunka. Ọ̀nà kìíní ni ti ilé-kéwú, níbi tí ọmọ ti jókòó níwájú alùfáà pẹ̀lú wàláà lórí itan, tí ó ń fi kálámù kan tàdáwà, tí ó ń tẹ̀lé ọwọ́ olùkọ́ rẹ̀ láti orí álífù lọ. Ọ̀nà kejì ni ti àwọn míṣọ́nnárì. Ní ọdún 1853 ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé ní Kúdẹtì. Ọ̀nà kẹta ni ti ìjọba. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ṣí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ọmọ. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, S. O. Awókọ́yà, ni ó ti gbé àbá náà kalẹ̀ láti ọdún 1952. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà ní ọdún 1955 yẹn ju 800,000 lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣiyèméjì bóyá irú agbègbè bẹ́ẹ̀ lè bí òǹkọ̀wé, kí ó rántí pé ní ọdún 1911 ni I. B. Akínyẹlé, ọmọ Ìbàdàn, tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní èdè Yorùbá, kí ó tó di Olúbàdàn ní ọdún 1955. Kò dúró de ẹnikẹ́ni láti òkèèrè kí ó bá a kọ ìtàn ìlú rẹ̀. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, tí ó sì rò nínú ara rẹ̀, ni ó kọ sílẹ̀.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti fún oríṣi ìkọ̀wé ilé-ìwé mẹ́ta ní orúkọ, orúkọ wọn sì ti sọ ohun tí wọ́n jẹ́. Èkíní ni àdàkọ: ọmọ a wo ohun tí ẹlòmíràn ti kọ, a sì dà á kọ. Èkejì ni àpèkọ: olùkọ́ a pe ọ̀rọ̀, ọmọ a sì kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Ẹ̀kẹta ni àròkọ: ọmọ a rò ó nínú ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó kọ ọ́. Nínú àdàkọ, ojú àti ọwọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́. Nínú àpèkọ, etí bá wọn kẹ́gbẹ́. Inú àròkọ nìkan ni ọkàn ọmọ ti wọlé. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wúlò. Ẹ̀sùn tí ó yẹ kí a fi kan ilé-ìwé wa ni pé ó sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di àkàbà: ó ní kí ọmọ kọ́kọ́ gun àdàkọ fún ọdún púpọ̀, kí ó tó dé àpèkọ, kí àròkọ sì dúró lókè téńté de ìgbà tí ọmọ yóò ti dàgbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò dé òkè náà rí. Àwọn tí ó sì dé ibẹ̀ ti pẹ́ jù lórí àdàkọ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí a bá ní kí wọ́n rò ó kí wọ́n kọ ọ́, àròkọ tí ẹlòmíràn ti kọ ni wọn yóò há sórí, tí wọn yóò sì dà kọ.

Kò ṣòro láti mọ bí àṣà yìí ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní ilé-kéwú, ẹ̀tọ́ ni àdàkọ jẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ mímọ́ ni ọmọ ń kọ. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ọmọdé fi tirẹ̀ kún un. Ní ilé-ìwé míṣọ́ọ̀nù pẹ̀lú, Bíbélì àti kátíkísìmù ni òpómúléró ẹ̀kọ́, ìwé kíkà sì ṣe pàtàkì ju ìwé kíkọ lọ. Nígbà tí ètò ọdún 1955 wá kó ogunlọ́gọ̀ ọmọ jọ lẹ́ẹ̀kan náà, olùkọ́ tí a kọ́ dáadáa kò kárí, iyàrá kò kárí, ìwé kò kárí. Olùkọ́ tí ó dá dúró níwájú ọmọ púpọ̀ yóò wá iṣẹ́ tí yóò mú kíláàsì pa rọ́rọ́. Kò sì sí iṣẹ́ tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí kí ó kọ ìlà mẹ́fà sí ojú pátákó, kí ó ní kí gbogbo wọn dà á kọ. Ìṣòro ni ó bí àṣà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pẹ́, àwọn ènìyàn gbàgbé ìṣòro náà, wọ́n sì ń pe àṣà náà ní ẹ̀kọ́.

Ìwé Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ fi apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí hàn. Kò sí àní-àní pé ìwé náà ṣe ìrànlọ́wọ́ ńlá fún èdè Yorùbá. Yorùbá tí ó wà nínú rẹ̀ dán mọ́rán, ó sì bá etí ọmọdé mu, débi pé àwọn tí ó ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà ṣì ń ka ohun tí wọ́n kọ́ nínú rẹ̀ lórí. Ṣùgbọ́n kí a bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní kíláàsì kejì, yóò dákẹ́. Ó rántí ọ̀rọ̀ Ọdúnjọ. Kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kankan láti rántí. Ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn òǹkọ̀wé, nítorí pé ìwé kíkà ni ó ṣe fún àwọn ọmọ. Ilé-ìwé ni ó yẹ kí ó fi ìwé kíkọ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ iṣẹ́ ọmọdé kan wò gẹ́gẹ́ bí àwọn alárìíwísí ti ń yẹ ewì wò. Kí a gbà pé ọmọ ọdún méje kan wà ní Ìsàlẹ̀ Òsì tí ìyá rẹ̀ ń ta iṣu ní Ọjà'ba. Olùkọ́ ní kí olúkúlùkù kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé wọn, ọmọ yìí sì kọ báyìí:

mama mi o ta isu loni o ni ojo po

Olùkọ́ tí ó ń wá àṣìṣe yóò rí i ní yanturu. Lẹ́tà ńlá kò sí níbẹ̀rẹ̀, àmì ìdánudúró kò sí níparí. Kò sí àmì lábẹ́ s nínú iṣu, kò sí lábẹ́ o nínú pọ̀. Àmì ohùn kò sí lórí ọ̀rọ̀ kankan. Bí ó bá fi bírò pupa fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ó sì kọ òdo sí i, kò sí òfin tí ó rú. Ṣùgbọ́n kí ni ó ti pa run? Kí a tún ìlà náà kà. Ọmọ yìí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀: kò so mama mọ́ mi, kò sì gé loni sí méjì. Ó mọ bí a ti ń sọ pé nǹkan kò ṣẹlẹ̀. Ó mọ bí a ti ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kalẹ̀, nítorí pé òun kọ́ ni ó sọ pé òjò pọ̀. Ìyá rẹ̀ ni, ó sì fi o ni yà á sọ́tọ̀. Ó mọ ìdí àti àbájáde: òjò ni ìdí, àìtajà ni àbájáde. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi ìdí sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà ti í ṣe nígbà tí ó bá fẹ́ kí olùgbọ́ kọ́kọ́ dúró rò ó. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré ni ó kọ, ìtàn ilé kan sì ti wà nínú rẹ̀: ọjà tí kò yá, owó tí kò wọlé, ìyá tí ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Nísinsìnyí, kí a bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nípa àṣìṣe rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ní kí a fi ọmọ sílẹ̀ láìtọ́ ọ sọ́nà kò fẹ́ràn ọmọ. Kí olùkọ́ ka ìlà náà sókè báyìí: “Màmá mi ó ta iṣu lónìí.” Ọmọ yóò lọgun pé bẹ́ẹ̀ kọ́! Òun kò sọ pé ìyá òun yóò ta iṣu. Ohun tí òun sọ ni pé kò tà á. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ nípa àmì ohùn ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá jẹ́ ohùn òkè, ìyá yóò tajà. Bí ó bá jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, ìyá kò tajà. Àmì kékeré yẹn ni ó pààlà sí àárín oúnjẹ alẹ́ àti ebi. Kí olùkọ́ tún ka ìparí rẹ̀ pé “ọjọ́ pọ̀,” kí gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, kí ọmọ náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi àmì sí òjò. Ọmọ tí a bá kọ́ báyìí kò ní gbàgbé láéláé ohun tí àmì ń ṣe. Èyí tí a ní kí ó da ogún ọ̀rọ̀ tí ó ní àmì kọ láti ojú pátákó yóò máa rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

Ọmọ Yorùbá kò tilẹ̀ nílò kí a kọ́ ọ ní ohùn. Kí ó tó mọ a yàtọ̀ sí b, ó ti mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, ó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Ó ti gbọ́ dùndún tí ń pe orúkọ ènìyàn lójú agbo, ó sì mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Etí ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ni kò ì tí ì mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó yẹ kí ilé-ìwé retí ni pé kí ọwọ́ máa bá etí bọ̀ díẹ̀díẹ̀, láti ibi tí ìtumọ̀ ti lè dàrú lọ sí ibi gbogbo. Àwọn àgbà fúnra wọn kò yára nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1875 ni àwọn C.M.S. pe ìpàdé ní Èkó láti fi ìdí àkọtọ́ Yorùbá múlẹ̀. Ní ọdún 1965 Ayọ̀ Bámgbóṣé tún kọ odidi ìwé lórí rẹ̀. Ní ọdún 1966 Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yan ìgbìmọ̀ lé e lórí. Ọdún 1974 ni ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí èyí tí à ń lò. Ohun tí ó gba àwọn ọ̀mọ̀wé ní ọdún 99 kò yẹ kí a bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà láàrin oṣù méjìlá.

Ọ̀rọ̀ s àti ṣ tún yàtọ̀ sí èyí. Gbogbo Yorùbá ni ó mọ̀ pé àwọn ọmọ Ìbàdàn a máa pe ṣ bí s. Isu ni ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀, isu ni òun náà sì kọ. Bí olùkọ́ bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń jẹ ọmọ níyà nítorí pé etí rẹ̀ dá ṣáká. Yorùbá inú ìwé, tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, kì í ṣe ti Ìbàdàn nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú tàbí ti Èkìtì nìkan. Gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó ní ibì kan tí ẹnu ilé rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ìwé. Kí olùkọ́ sọ fún un pé, “Báyìí ni à ń pè é nílé, báyìí ni gbogbo Yorùbá ń kọ ọ́.” Ọmọ yóò gba ìkejì láìsọ ìkíní nù.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ilẹ̀ mìíràn ti rí ohun tí ó jọ èyí. Ní ọdún 1971, Charles Read gbé ìwádìí jáde ní Amẹ́ríkà nípa àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń kọ Gẹ̀ẹ́sì kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wọn bí a ti ń kọ ọ́. Ó fi hàn pé àṣìṣe wọn kì í ṣe àbùkù. Ó ní ètò. Ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tr, chr ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń dún létí. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1963, Sylvia Ashton-Warner ti kọ ìwé nípa àwọn ọmọ Māori tí ó kọ́ ní New Zealand. Ó máa ń bi ọmọ kọ̀ọ̀kan léèrè ọ̀rọ̀ tí ó jẹ ẹ́ lógún jù, a kọ ọ́ sí orí páálí fún un, ọ̀rọ̀ náà a sì di ti ọmọ náà. Yorùbá kò ní láti wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jìnnà. Oríkì wà: Àjàní, Àkànní, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó dùn létí ọmọ ju èyí tí ìyá àgbà fi ń pè é láàárọ̀. Kí oríkì rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò kọ, kí a sì wò ó bóyá yóò ṣe ìmẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó wá mú kí àríwísí yìí di kíákíá. Láti ọdún 1977 ni ó ti wà nínú ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà pé kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tuntun tí ó fẹ̀ ẹ́ dé ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n sì kéde pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìkọ́ni láti ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta iṣu. Ìtàn mẹ́wàá ni ó ní láti sọ. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń sọ ní Yorùbá. Bí a bá ní kí ó kọ wọ́n ní èdè tí kò ì tí ì lè fi bèèrè omi mu, kò ní lè rò ó kọ. Dídà ni yóò máa dà á kọ. Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ti ilẹ̀kùn àròkọ mọ́ ọn yìí kò sì ní rọrùn fún un láti kọ. Ní ọdún 2003, Philip Seymour àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà ní èdè mẹ́tàlá ní Yúróòpù. Ní ìparí ọdún kìíní, díẹ̀ ló kù kí àwọn ọmọ Finland ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí a fi dán wọn wò láìṣì. Àwọn ọmọ Scotland, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ilé wọn, kò kà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Bí àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá lè fa ọmọ tí ó ni ín sẹ́yìn báyìí, kí ni yóò ṣe fún ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì? Yorùbá sún mọ́ ti Finland nínú èyí: lẹ́tà kan, ìró kan, bí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nìyẹn. Ọmọ tí ó bá ti mọ lẹ́tà Yorùbá lè bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohun tí ó ń sọ.

Àwọn òbí yóò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń fún ènìyàn níṣẹ́. Òótọ́ ni, ẹni tí ó bá bú wọn nítorí rẹ̀ kò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ti wà láti àádọ́ta ọdún ó lé. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan, pẹ̀lú olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́. Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn tí ó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹni tí ó ti mọ bí a ti ń ro ọ̀rọ̀ kọ ní èdè kan kò ní tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní èdè kejì.

Àwọn olùkọ́ náà ní ẹjọ́ tiwọn, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní ọmọ pọ̀ jù, àti pé ẹni tí ó bá ní kí àádọ́ta ọmọ rò ó kọ yóò ka àádọ́ta ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta ni ọmọ ọdún méje ń kọ. Bí olùkọ́ bá ka ìwé ọmọ mẹ́wàá lójúmọ́, yóò ti ka ti gbogbo wọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọmọ méjì lè jókòó kí wọ́n ka ìwé ara wọn síra wọn. Ẹnì kejì yóò sọ ibi tí kò ti yé òun, ìyẹn sì ti jẹ́ àtúnṣe. Wọ́n tún ní ọwọ́ ọmọ kò ní dára bí kò bá da ìwé kọ. Kò sí ẹni tí ó ní kí a pa àdàkọ run. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ tó fún ọwọ́ láti kọ́ bí a ti ń gbé lẹ́tà. Egungun ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà kò ì tí ì gbó, ọwọ́ tí ó dára yóò sì bá ọdún wá. Àní ní Finland, láti ọdún 2016, ìlànà ẹ̀kọ́ wọn kò fi ìwé alásopọ̀ ṣe dandan fún ọmọdé mọ́. A kò gbọ́ pé ìwé kíkọ parẹ́ ní ilẹ̀ náà.

Kí ni ó wá yẹ kí a retí? Ní kíláàsì kìíní, kí ọmọ lè kọ orúkọ rẹ̀ àti oríkì rẹ̀ pẹ̀lú àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, nítorí pé lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́. Kí ó lè ya àwòrán, kí ó sọ ohun tí ó yà, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá lè kọ, kí olùkọ́ jẹ́ akọ̀wé fún un. Ní kíláàsì kejì, kí ó lè kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta tí ó jẹ́ tirẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá níbẹ̀rẹ̀ àti àmì ìdánudúró níparí, kí ó sì máa fi àmì ohùn sí ibi tí òǹkàwé ti ṣì í gbọ́. Ní kíláàsì kẹta, kí ó lè kọ nǹkan bí ìlà mẹ́wàá: àlọ́ tí ó gbọ́, ọdún Òkè'Bàdàn tí ó wò, bí wọ́n ti ń ro àmàlà nílé wọn, lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Èkó. Kí ó lè tún un kà, kí ó tún un ṣe, kí àmì ohùn sì ti mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń lò lójoojúmọ́. Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá ti lè fi ẹnu sọ ni kí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ, kí èyí tí kò ì tí ì lè sọ dúró ná.

Gbogbo èyí kò béèrè owó púpọ̀. Ohun tí ó ń béèrè ni kí ojú tí olùkọ́ fi ń wo ìwé ọmọ yí padà, kí ó kọ́kọ́ ka ohun tí ọmọ sọ kí ó tó ka ohun tí ó ṣì. Èdè ìkọ́ni ni ìkéde ọdún 2025 dá lé lórí. Níbikíbi tí iṣẹ́ Yorùbá bá ti wà lórí àtẹ àkókò, olùkọ́ rẹ̀ ní agbára láti fi í ṣe ibi tí ọmọ ti ń rò kí ó tó kọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé yìí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò di olùkọ́, kò ní láti dúró de àṣẹ kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùkọ́ yunifásítì tí ń ráhùn pé ìwé Yorùbá tuntun kò pọ̀ mọ́ ní láti mọ̀ pé láti kíláàsì kìíní ni ìwé tí ń wọ́n ti ń wọ́n. Bí ọgọ́rùn-ún ọmọ ní Ìsàlẹ̀ Òsì bá lè kọ ìdí tí ìyá wọn kò fi tajà lánàá, kí olùkọ́ wọn sì kà á tán kí ó tó mú bírò pupa, ọ̀kan nínú wọn lè kọ ìtàn Ìbàdàn mìíràn lọ́jọ́ kan. Àwọn mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún yòókù yóò sì lè kà á.